Ṣé group ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ ni, àbí ring? Ìfiwéra fún ẹni tí yóò kọ́ni ní áljẹ́brà afòyemọ̀

Ẹni tí wọ́n bá gbé kíláàsì áljẹ́brà afòyemọ̀ (abstract algebra) lé lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ìbáà jẹ́ ní Ìlọrin, ní Màlété tàbí ní Òmù-Àrán, ní ìpinnu kan láti ṣe kí ó tó fi ṣọ́ọ̀kì kan pátákó. Ìpinnu náà kì í ṣe ti ohun tí yóò kọ́, nítorí ìwé ìlànà ẹ̀ka rẹ̀ ti sọ ìyẹn: group, ring àti field ni, ìyẹn oríṣi àkójọ mẹ́ta tí a ń ṣe ìṣirò nínú wọn (nínú field, a lè fi ohun gbogbo pín àfi òdo), bó pẹ́ bó yá yóò dé orí gbogbo wọn. Ohun tí ó kù sí i lọ́wọ́ ni ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà wọlé. Ẹnu ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí group, tí ó ní ìṣirò kan ṣoṣo, kí a tó kọjá sí ring tí ó ní méjì. Èkejì ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà odidi àti polynomial (irú x²+3x+2), kí a pe ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ní ring, kí group sì wá tẹ̀lé e.

Mo ti gba ẹnu ọ̀nà méjèèjì wọlé, mo sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti máa ń fa ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni pé group rọrùn ju ring lọ nítorí pé òfin rẹ̀ kéré. Òótọ́ ni pé òfin rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n iye òfin kọ́ ni ó ń dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Òkè tí ó ń dá wọn dúró ni quotient, ìyẹn ìgbà tí a bá ní kí wọ́n kó ọ̀wọ́ nǹkan pọ̀, kí wọ́n dì í bí ìdì igi, kí wọ́n sì máa ro ìdì mọ́ ìdì bí ẹni pé ìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà kan. Ẹni tí ó ń ta igi ìdáná kì í dá iye lé igi kọ̀ọ̀kan, ìdì ni ó ń kà. Ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń jókòó sí. Nítorí náà, nínú ìfiwéra yìí, ohun tí mo fi ṣe òṣùwọ̀n ni ibi tí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti mú akẹ́kọ̀ọ́ pàdé ìdì àkọ́kọ́.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé wá láti ilé ẹ̀kọ́ girama

Ìlànà ẹ̀kọ́ ìṣirò fún SS1 ní ìṣirò àṣẹ́kù nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní modular arithmetic, nítorí náà kò yẹ kí ó jẹ́ àjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ pé aago mẹ́wàá tí a fi wákàtí márùn-ún kún di aago mẹ́ta. Àwọn tí ó ṣe Further Mathematics ti pàdé binary operation (ìṣirò tí ó ń so nǹkan méjì di ọ̀kan), wọ́n ti gbọ́ nípa identity (èyí tí kì í yí ẹnikẹ́ni padà) àti inverse (olùdápadà), wọ́n sì ti pín polynomial sí polynomial, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà àtigba máàkì ni púpọ̀ nínú wọn kà á sí. Kò sí ẹni tí ó ti yí igun mẹ́rin po rí kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣirò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ti tẹ̀ sí apá ring nínú òṣùwọ̀n wa kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ẹnu ọ̀nà group

Ẹwà ọ̀nà yìí ni pé ohun tí a ní láti gbà kò pọ̀. Àkójọ kan àti ìṣirò kan tí ó ń so ọmọ méjì inú rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan láì jáde kúrò nínú àkójọ náà. Àkámọ́ tí a lè ṣí nípò láì yí èsì padà. Ọmọ kan tí kì í yí ẹnikẹ́ni padà. Àti olùdápadà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ń dá a padà sí ọmọ tí kì í yí ẹnikẹ́ni padà náà: ó parí. Láti orí ìwọ̀nba yìí, kíláàsì tí ó bá ń lọ déédéé lè dé theorem Lagrange láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, èyí tí ó sọ pé iye ọmọ inú subgroup (àkójọ inú group tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ group) gbọ́dọ̀ pín iye ọmọ inú odindi group láìsí àṣẹ́kù. Díẹ̀ ni ìmọ̀ tí ń fi owó kékeré bẹ́ẹ̀ mú èrè ńlá bẹ́ẹ̀ wálé.

Àpẹẹrẹ kò sì jìnnà sí wa. Aṣọ òkè tí wọ́n ń hun ní Ìlọrin máa ń jáde lórí òfì ní tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn. Bí ẹ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú inú wò ó pé ọnà ara tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ láìlópin, ẹ lè bi í ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí a lè gbà sún un, yí i po tàbí dojú rẹ̀ kọ jígí tí ọnà náà kò fi ní yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fi ẹ̀rí hàn pé irú group tí ó lè jáde láti ara ọnà bẹ́ẹ̀ jẹ́ 7 péré. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń hunṣọ nílé wọn tí ó kó àwòrán aṣọ wá sí kíláàsì láti wá èyí tí kò tíì rí nínú méjèèje.

Àpẹẹrẹ tí èmi fẹ́ràn jù lọ bẹ̀rẹ̀ láti ara kíka ọjọ́. Àwọn àgbà wa ń ka ọjọ́ ní ọrún, ní ìsán àti ní ìtàdógún, wọ́n sì ń ka ọjọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ohun ọrún ń padà lẹ́yìn ọjọ́ 4, ti ìsán lẹ́yìn 8, ti ìtàdógún lẹ́yìn 16. Ẹ rọra ṣàlàyé èyí, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò ní ṣàì takú pé ọrún gbọ́dọ̀ jẹ́ 5. Bí a bá wá fi ọjọ́ 16 náà ṣe òbìrí, tí a ń kà lọ tí a sì ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀, group ni ó jẹ́, ọjọ́ kan ṣoṣo tí a ń rò mọ́ ara rẹ̀ ni ó sì bí gbogbo àwọn yòókù. Àwọn ọjọ́ ọrún inú rẹ̀ jẹ́ subgroup ọlọ́mọ 4, àwọn ọjọ́ ìsán sì jẹ́ subgroup ọlọ́mọ 2.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ mú yanrìn títẹ̀ wá. Àmì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní ìlà mẹ́rin, ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ẹyọ tàbí èjì, nítorí náà àmì 16 ni ó wà, gẹ́gẹ́ bí ojú odù Ifá náà ṣe jẹ́ 16. Ẹni tí ó ń tẹ yanrìn a máa fi àmì méjì bí ẹ̀kẹta: yóò wo ìlà kan pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bí ọ̀kan bá jẹ́ ẹyọ tí èkejì jẹ́ èjì, ẹyọ ni yóò kọ, bí méjèèjì bá jọra, èjì ni yóò kọ. Èyí náà group ni. Àmì tí ìlà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ èjì kì í yí ẹnikẹ́ni padà, àmì kọ̀ọ̀kan sì ni olùdápadà ara rẹ̀. Ọmọ 16 nìyí, ọmọ 16 nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fi orúkọ àwọn ti ìhín wọ àwọn ti ọ̀hún kí ìṣirò wọn bára mu, nítorí nínú yanrìn, ohunkóhun tí a bá rò mọ́ ara rẹ̀ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ní kíá, nígbà tí ọjọ́ kan nínú ìtàdógún ní láti rin ìrìn 16 kí ó tó padà délé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí èyí ti mọ ohun tí isomorphism (ìbáramu pátápátá láàárín group méjì) ń bèèrè kí a tó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sójú pátákó, a sì lè wá yà á lẹ́nu díẹ̀ nípa sísọ pé irú group ọlọ́mọ 16 tí ó wà láyé jẹ́ 14. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ Ìlọrin ni a wà, mo máa ń sọ ọ́ gbangba pé ìlà ni à ń kà, a kò yẹ ẹnikẹ́ni wò. Ẹni tí àpẹẹrẹ náà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè fi swíìṣì iná mẹ́rin rọ́pò rẹ̀, títàn àti pípa, ìṣirò náà kò ní yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń fa ẹsẹ̀ ni pé gbogbo àpẹẹrẹ tí mo kà sílẹ̀ tán yìí, bí a bá yọ àwọn kan nínú ti aṣọ òkè kúrò, ló jẹ́ èyí tí kò sí ìyàtọ̀ bóyá a ti iwájú rò ó tàbí a ti ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni agbára group wà ní ibi tí ìtòtẹ̀léra ti ṣe pàtàkì. Láti dé ibẹ̀, a ní láti fi akẹ́kọ̀ọ́ sí àárín pàṣípààrọ̀ ipò, níbi tí ó ti ń ka nǹkan láti ọ̀tún sí òsì nínú ìwé kan àti láti òsì sí ọ̀tún nínú òmíràn. Yàtọ̀ sí èyí, a kọ ìṣirò kan náà ní àmì àròpọ̀ lónìí, a kọ ọ́ ní àmì ìsọdipúpọ̀ lọ́la, akẹ́kọ̀ọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ 1 sí ibi tí 0 yẹ kí ó wà. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó ń ṣe wọ́n. Évariste Galois, ọ̀kan lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ group, kú ní 1832, ní ọmọ ogún ọdún. Joseph Liouville kò tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde títí di 1846, ó sì di 1854 kí Arthur Cayley tó gbìyànjú láti sọ ohun tí group jẹ́ láì so ó mọ́ àpẹẹrẹ kan pàtó. Ọdún 22 nìyẹn láàárín ikú ọ̀kan àti ìtumọ̀ tí èkejì kọ, àwa sì fẹ́ kí kíláàsì wa gbé e mì láàárín wákàtí kan.

Ẹnu ọ̀nà nọ́ńbà odidi

Níhìn-ín, a kò ní kọ òfin sílẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. A ó pín nọ́ńbà, a ó wá àṣẹ́kù, a ó lo ọ̀nà Euclid láti rí nọ́ńbà tí ó tóbi jù lọ tí ó lè pín nọ́ńbà méjì láìsí àṣẹ́kù, a ó sì ṣe ohun kan náà fún polynomial. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí pé ẹ̀rí tí òun kọ fún nọ́ńbà ni òun tún ń dà kọ fún polynomial, ní gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, ó ti béèrè fún ring kí a tó fún un ní orúkọ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó máa ń mú kíláàsì dìde jókòó dáadáa ni ti nọ́ńbà àkáǹtì báńkì. Nínú NUBAN, ìlànà nọ́ńbà àkáǹtì tí báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) gbé kalẹ̀ ní 2010, nọ́ńbà àkáǹtì ní ẹyọ 10, ẹyọ kẹwàá sì jẹ́ olùṣọ́ lásán. Ẹ ó kọ ẹyọ 3 tí ó dúró fún báńkì náà, ẹ ó kọ ẹyọ 9 àkọ́kọ́ ti àkáǹtì tẹ̀lé e, ẹ ó sì sọ wọ́n di púpọ̀ ní títẹ̀léra pẹ̀lú 3, 7, 3, kí ẹ tún padà sí 3, 7, 3, títí ẹyọ 12 yóò fi tán. Ẹ ó ro èsì wọn pọ̀. Ẹyọ kẹwàá ni èyí tí ó yẹ kí a fi kún àpapọ̀ náà kí ó tó lè pín sí 10 láìsí àṣẹ́kù. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ 3 àti 7? Ká ní ẹnìkan tẹ 9 sí ibi tí ó yẹ kí ó tẹ 4, àpapọ̀ yóò fi ìlọ́po 5, ìyẹn 15 tàbí 35, yàtọ̀, àṣẹ́kù yóò sì jẹ́ 5, ẹ̀rọ yóò sì kọ nọ́ńbà náà. Ká ní 2 ni wọ́n fi sọ ọ́ di púpọ̀, ìyàtọ̀ náà ì bá jẹ́ 10, àṣẹ́kù ì bá jẹ́ òdo, olùṣọ́ ì bá sì ti sùn lọ. Nínú ring àṣẹ́kù 10, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ 0 títí dé 9, kìkì 1, 3, 7 àti 9 ni ó ní olùdápadà nínú ìsọdipúpọ̀, nítorí 3 lọ́nà 7 jẹ́ 21, tí àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ 1, 9 lọ́nà 9 sì jẹ́ 81. Ṣùgbọ́n 2 lọ́nà 5 di òdo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó jẹ́ òdo nínú àwọn méjèèjì. Báyìí ni unit (ọmọ tí ó ní olùdápadà nínú ìsọdipúpọ̀) àti zero divisor (ọmọ tí kì í ṣe òdo tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú òmíràn tí kì í ṣe òdo tí ó di òdo) ṣe wọlé, tí ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè ohun tí a fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá gbé ẹyọ méjì tí ó tẹ̀léra gba ipò ara wọn. Níbi tí 3 ti tẹ̀lé 3, olùṣọ́ kò ní rí nǹkan kan. Níbi tí 3 àti 7 ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 4, 4 kì í sì í ṣe unit, nítorí náà bí ẹyọ méjì náà bá fi 5 ju ara wọn lọ, bí 1 àti 6, àṣìṣe náà yóò kọjá láìsí ariwo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fúnra rẹ̀ rí àléébù yìí kì í gbàgbé ohun tí zero divisor jẹ́ mọ́. Kí wọ́n hùmọ̀ nọ́ńbà tiwọn fún eré náà o. Ẹ má ṣe gba nọ́ńbà àkáǹtì ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé group nìkan kò lè sọ ìtàn yìí, nítorí àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ìtàn tún wà nínú ọ̀nà yìí tí ó yẹ kí kíláàsì gbọ́. Ní oṣù kẹta 1847, Gabriel Lamé dìde ní Paris, ó ní òun ti rí ẹ̀rí fún ọ̀rọ̀ tí Fermat fi sílẹ̀, pé bí n bá ju 2 lọ, kò sí nọ́ńbà odidi tí kì í ṣe òdo tí ó lè mú xⁿ+yⁿ=zⁿ ṣẹ, ṣùgbọ́n ó ti gbà láìwádìí pé nínú àwọn nọ́ńbà tuntun tí òun ń lò, ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè gbà fọ́ nọ́ńbà sí wẹ́wẹ́, bí ó ti rí fún nọ́ńbà odidi. Liouville bèèrè ìdí tí ó fi gbà bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí lẹ́tà Ernst Kummer fi dé láti sọ pé òun ti tẹ̀wé láti 1844 pé kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán irú rẹ̀ wò: bí a bá fi gbòǹgbò −5 kún nọ́ńbà odidi, 6 jẹ́ 2 lọ́nà 3, ó sì tún jẹ́ 1+√−5 lọ́nà 1−√−5, kò sì sí èyí tí a tún lè fọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti inú wàhálà yìí ni ideal (àkójọ inú ring tí à ń fi di ìdì) ti wá, láti ọwọ́ Kummer dé ọwọ́ Richard Dedekind ní 1871, kí Emmy Noether tó gbé e ka orí òfin ring lápapọ̀ ní 1921.

Àléébù ọ̀nà yìí kò pamọ́. Òfin rẹ̀ pọ̀, ó tó ìlọ́po méjì ti group, ọjọ́ tí a bá kọ wọ́n sójú pátákó sì máa ń gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Ó tún ń ṣòro láti mú kí ẹni ogún ọdún gbà pé ó yẹ kí a fi ẹ̀rí hàn pé òdo lọ́nà ohunkóhun jẹ́ òdo, nítorí lójú tirẹ̀, a ti parí ìyẹn ní pámárì. Àwọn tí ó mú orí yá nínú kíláàsì lè máa sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Níbi tí méjèèjì ti pàdé ìdì

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níbi tí mo sọ pé òkè wà. Ní ọ̀nà nọ́ńbà odidi, ìdì àkọ́kọ́ ni gbogbo nọ́ńbà tí àṣẹ́kù wọn lórí 10 jẹ́ 3: 3, 13, 23 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdì kejì ni àwọn tí àṣẹ́kù wọn jẹ́ 4. Ẹ mú ẹnikẹ́ni láti inú ti àkọ́kọ́ àti ẹnikẹ́ni láti inú ti èkejì: 3 àti 4 fún wa ní 7, 13 àti 24 fún wa ní 37, inú ìdì 7 náà ni. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, 12 àti 312, inú ìdì 2 ni méjèèjì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní bèèrè bóyá ó tọ́ láti ro ìdì mọ́ ìdì; ó ti ń ṣe é láti SS1, orúkọ nìkan ni kò mọ̀. Nígbà tí a bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún polynomial, tí a di gbogbo èyí tí àṣẹ́kù wọn lórí x²+1 jọra, x² yóò di −1 níwájú rẹ̀, nọ́ńbà i (gbòǹgbò −1) tí wọ́n ti fipá mú un gbà tẹ́lẹ̀ yóò sì jáde bí ohun tí a fi ọwọ́ ṣe.

Ní ọ̀nà group, ìdì tí ó ní ìtumọ̀ nínú ìwé ni coset, àpẹẹrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí ó kọ̀. Ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì kan. Ọ̀nà 6 ni wọ́n lè gbà pààrọ̀ ipò. Ẹ mú subgroup tí ó ní nǹkan méjì, kí gbogbo wọn jókòó sí ipò wọn tàbí kí ẹni ìkínní àti ìkejì gba ipò ara wọn. Ìdì 3 ni yóò jáde, oníméjì-méjì, wọ́n sì dára ní wíwò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ so ìdì kan pọ̀ mọ́ òmíràn, ìdì tí èsì yóò bọ́ sí wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fà yọ láti ṣojú, nítorí náà kò sí ìṣirò ìdì níbẹ̀. Èyí ni ó fà á tí normal subgroup, ìyẹn subgroup tí ìdì rẹ̀ gba ìṣirò, fi di dandan. Ẹ̀kọ́ ńlá ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì rí ìdì tí ó gbà, tí a wá kọ́kọ́ fi èyí tí ó kọ̀ hàn án, kò mọ ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni yóò kọ ìtumọ̀ normal subgroup láìṣì nínú ìdánwò, tí kò sì ní lè sọ ohun tí ó wà fún.

Àkókò àti irú kíláàsì

Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2022 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, kò sì parí títí di oṣù kẹwàá. Ẹni tí ó kọ́ni lẹ́yìn rẹ̀ mọ bí a ṣe ń fún sáà ẹ̀kọ́ pọ̀. Ohun tí a bá fi sí ìparí ni ó máa ń fò. Bí group bá ṣáájú, ring àti field ni yóò jìyà, akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́ni yóò sì lọ kọ́ ọmọ girama ní polynomial láì mọ̀ pé òun ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ring bá ṣáájú, group ni yóò fò, ìyẹn sì burú fún àwọn tí yóò ka físíìsì tàbí kẹ́mísírì nípa ìrísí mólékù. CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí àjọ tí ń mójú tó yunifásítì (NUC) gbé jáde, fi ìdá 70 nínú 100 ṣe dandan, ó sì fi 30 sílẹ̀ fún yunifásítì, nítorí náà ó tọ́ kí ẹ bèèrè ohun tí ẹ̀ka yín fi ìdá tiwọn ṣe kí ẹ tó to ọ̀sẹ̀ yín.

Ní ti bóyá kí olùkọ́ máa sọ̀rọ̀ ni tàbí kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wá a fúnra wọn, iye orí tí ó wà nínú gbọ̀ngàn ni yóò dáhùn. Bí wọn kò bá ju ogójì lọ, ẹ pín wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin. Bí wọ́n bá jẹ́ igba, ẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ fi àpẹẹrẹ sílẹ̀ fún wọn láti ṣe lọ́wọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn ọmọ Nupé àti Bàrùbá máa ń wà nínú kíláàsì ní Kwara, ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé ọrún àti ìsán kí ẹ tó gbé ìṣirò kà á.

Èyí tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ mú

Bí ẹ bá ní sáà ẹ̀kọ́ kan péré, tí ìdajì kíláàsì yín jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tàbí ti kọ̀ǹpútà, ẹ gba ẹnu ọ̀nà nọ́ńbà odidi, láìsí àníàní. Bí ó bá jẹ́ sáà méjì, tí kíláàsì sì kéré, tí wọ́n ti ṣe matrix (nọ́ńbà tí a tò ní ìlà àti òpó) dáadáa, group lè ṣáájú, nítorí matrix ti kọ́ wọn pé ohun tí a fi ṣe ìkínní àti ohun tí a fi ṣe ìkejì lè má gba ipò ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí pàápàá, mo rọ̀ yín kí ẹ ya ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún àṣẹ́kù lórí nọ́ńbà odidi, láì dárúkọ ring rárá, kí wọ́n lè ti di ìdì kan tí ó gbà kí wọ́n tó rí ti orí bẹ́ǹṣì tí ó kọ̀. Èmi kò tíì rí kíláàsì tí ọ̀sẹ̀ méjì náà pa lára, mo sì ti rí méjì tí àìsí rẹ̀ dá dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń fi sílẹ̀ fún wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí ó bá ẹnu ọ̀nà méjèèjì mu. Ọjà ọrọọrún kan ní ìlú Ìgbómìnà bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀ lónìí. Ọjọ́ mélòó ni yóò kọjá kí ó tó tún bọ́ sí Jímọ̀? Wọn yóò ka ìka títí wọn yóò fi dé 28, wọn yóò sì rí i pé kí ó tó padà sí Jímọ̀, ọjà náà ti kan gbogbo ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, kò fo ọ̀kan. Nígbà náà ni mo máa ń ní kí wọ́n mú ọ̀sẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi ìpàdé ẹgbẹ́ tí ó ń wáyé ní ìsán rọ́pò rẹ̀, ìpàdé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì ọjà: ọjọ́ wo ni ọjà àti ìpàdé yóò bọ́ sí ọjọ́ kan náà? Wọn yóò tún ka ìka, wọn yóò kà á pẹ́, kí ẹnìkan láti ẹ̀yìn tó sọ pé wọn kò ní pàdé láé. Mi ò ní dáhùn. Mo máa ń dúró de ẹni tí yóò bèèrè ìdí tí 4 àti 7 fi gbà, tí 4 àti 8 sì kọ̀.